Ọkàn Balẹ̀, Apá Ń Jó

Àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ọkàn Àǹtí mi dà rú kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wa. Ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ìlù ọkàn àti ìfúnpá sí wà, torí Àǹtí fi dandan gba fọ́tókọ́pì rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn. Rìsíìtì oògùn wà, ọmọ wọn ọkùnrin kì í sọ rìsíìtì nù. Ohùn tí Àǹtí gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp náà wà, tòun ti aago tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Mo tò wọ́n síra wọn, mo sì wádìí lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Ohun tó mú mi ṣe é ni pé bí wọ́n bá ń ròyìn ọjọ́ yẹn nínú ẹbí wa, ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan ni: bí ọkàn ṣe ń sáré, bí oògùn ṣe mú un balẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe kó wa yọ. Wọn kì í dárúkọ apá. Bẹ́ẹ̀ apá ló ń ké láti nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn títí di aago 2 òru kọjá.

Aago 5:40 ìdájí

Ọjọ́bọ̀ ni, nígbà ọyẹ́, ní Ìbàdàn. Àbúrò màmá mi ni Àǹtí. Àǹtí Mọ́kọ́lá là ń pè wọ́n, torí Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn wà. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ìfúnpá. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tí onígbèéyàwó ń bọ̀ wá kó lọ́jọ́ Ẹtì, ni wọ́n ṣe tètè jí dé ìdí maṣíìnì. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí ni àyà àwọn já, tí ọkàn àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ó dákẹ́, ó lù kì kan ṣoṣo, ó tún sáré kìkìkì. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n mu omi, wọ́n gbàdúrà. Kò lọ. Nígbà tó di pé bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá jáde lẹ́nu wọn, wọ́n á mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù.

Aago 7:15 òwúrọ̀

Wọ́n ti dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá kan nínú ìlú. Nọ́ọ̀sì lẹ wáyà ECG mọ́ wọn láyà, bébà jáde, dókítà wò ó. Ìlù ọkàn jẹ́ 164 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí èyí tó bára mu nínú wọn. Ìfúnpá jẹ́ 94 lórí 60, ó kéré fún ẹni tó jẹ́ pé gíga ni tirẹ̀ máa ń ga. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú díẹ̀.

Orúkọ tí dókítà pè é ni atrial fibrillation. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyàrá méjì tó wà lókè ọkàn kò lù mọ́, wọ́n kàn ń gbọ̀n ni, wọ́n sì ń da ìlù ti ìsàlẹ̀ rú. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan nínú ìyàrá tó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ lè dì. Bí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ kí ó fa rọpárọsẹ̀, ó sì lè lọ há sí iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti apá. Torí náà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ gún Àǹtí ní abẹ́rẹ́ kan sí ikùn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ó kù kí wọ́n mú ìlù ọkàn rọlẹ̀. Oògùn oríṣiríṣi wà tó ń mú un rọlẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ti Àǹtí sì ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Amiodarone ni dókítà yàn. Mo ti bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè, mo sì gbà pé ó yàn án dáadáa. N kò bá dókítà òwúrọ̀ yẹn jà.

Aago 8:30 òwúrọ̀

Ọmọ wọn gba ìwé oògùn, ó jáde lọ rà á. Ohun tó wà lórí rìsíìtì nìyí: ìgò amiodarone kékeré 4, omi dextrose oní-100 mílílítà kan, oní-250 kan, rọ́bà dírípù, kánúlà aláwọ̀ búlúù, pílásítà.

Ìgò kékeré kọ̀ọ̀kan gba mílílítà 3 péré, mílígíráàmù 150 sì wà nínú rẹ̀. Wọn kì í da oògùn yìí pọ̀ mọ́ omi oníyọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí dírípù, torí ó lè dì sínú rẹ̀. Dextrose ni wọ́n fi ń pò ó. Bí wọ́n bá sì pò ó tán, kíkan rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n pH, nǹkan bí 4 ni ó wà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà ní nǹkan bí 7.4. Oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ yọ́ sínú omi, nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe é ṣe ń fi polysorbate 80 àti benzyl alcohol sí i, àwọn nǹkan wọ̀nyí náà kò sì bá ògiri iṣan rẹ́. Èyí kì í ṣe àṣírí. Wọ́n kọ ọ́ sí bébà tó wà nínú páálí oògùn: tí ó bá máa ju wákàtí kan lọ nínú iṣan ọwọ́, kí àpòpọ̀ náà má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú mílílítà kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín sí iṣan ńlá tó sún mọ́ ọkàn, bíi ti ọrùn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó láti gbé e lọ kíákíá.

Aago 9:20 òwúrọ̀

Nọ́ọ̀sì wá iṣan. Ó so rọ́bà mọ́ apá òsì, ó gbá a pẹ́pẹ́, kò rí èyí tó wù ú ní ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti rí ọ̀kan tó tín-ín-rín, ibẹ̀ ló ki kánúlà sí, lókè àárín ìka kejì àti ìkẹta. Àwọ̀ búlúù yẹn túmọ̀ sí abẹ́rẹ́ kékeré. Òrùka ìgbéyàwó Àǹtí wà lọ́wọ́ kan náà, ọkọ wọn ti di olóògbé, wọn kì í bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ.

Aago 9:30 òwúrọ̀

Oògùn bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní amiodarone láti iṣan ní ètò tó fi wákàtí 24 gbáko ṣe: mílígíráàmù 150 láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mílígíráàmù 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 6, lẹ́yìn náà ìdajì mílígíráàmù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 18 tó kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,000 mílígíráàmù.

Ìgò kan wọ inú oní-100 mílílítà, ó lọ ní ìṣẹ́jú 10. Ìfúnpá já sí 86, wọ́n gbé ẹsẹ̀ Àǹtí sókè, ó padà sí 92. Àǹtí ní ara àwọn kàn móoru díẹ̀ ni. Ìgò 3 tó kù wọ inú oní-250. Bí mo bá ṣírò rẹ̀, ó dín díẹ̀ sí mílígíráàmù 2 nínú mílílítà kan, kò sì kọjá ààlà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka dírípù ní wọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì fi aago ọwọ́ rẹ̀ ka ẹ̀kán, ó yí róòlà ara rọ́bà títí ó fi ń kán nígbà 11 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan.

Aago 11:25 òwúrọ̀

Ọmọ wọn rántí aago yìí torí ó ń bá akọ́ṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà náà. Àǹtí fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ òsì mú.

"Màámi, kí ló ṣe yín?"

"Ibi tí wọ́n gún yìí ni. Ó ń ta mí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo ra á nínú."

Ó pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì dé, ó wo ìgò, ó wo ẹ̀kán, ó rí i pé ó ń kán bó ṣe yẹ.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Oògùn yẹn máa ń ta díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yẹn máa mì."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ẹ ṣé."

Nọ́ọ̀sì náà kò purọ́. Oògùn yẹn máa ń ta lóòótọ́, gbogbo ẹni tó bá ti fi í sí aláìsàn lọ́wọ́ ló mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n yẹn ló yẹ kó mú wa ṣí pílásítà wò, kí a fi ìka kan ibẹ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní wákàtí yẹn, bí wọ́n bá yọ kánúlà náà tí wọ́n wá iṣan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Àǹtí alára sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bá sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́" fún, á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wọn, wọn kì í da òṣìṣẹ́ láàmú.

Aago 1:05 ọ̀sán

Ìlù ọkàn ti di 118. Ọmọ wọn fi ìròyìn ayọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, fóònù màmá mi kún fún "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run". Nígbà tó máa fi di aago 3:40, ó ti di 102. Nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́sàn-án yí róòlà, ẹ̀kán dín sí 6 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 18 bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Ilà rẹ̀ wà fún aago, fún ìlù ọkàn, fún ìfúnpá, fún èémí, fún iye ẹ̀kán, fún ìtọ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ pérépéré ní wákàtí wákàtí, ìwé mímọ́ tónítóní ni. Kò sí ilà fún ọwọ́ tí oògùn ń gbà wọlé. Ohun tí kò bá ti ní ilà lórí ìwé, ó ṣòro kí ẹni tó ní aláìsàn púpọ̀ lọ́rùn ó rántí rẹ̀.

Aago 6:40 ìrọ̀lẹ́

Dírípù àárọ̀ tán. Láàárín ọ̀sán ni wọ́n ti ní kí ọmọ wọn lọ ra ìgò 4 mìíràn. Ó rà á, ó sì béèrè bóyá kí òun mú omi dextrose oní-500 mílílítà. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ní rárá, oní-250 ni kó mú wá, torí ẹsẹ̀ màmá ti wú, omi tó pọ̀ jù yóò ni ọkàn wọn lára.

Ìdí tí dókítà fi sọ bẹ́ẹ̀ yé mi. Ọkàn ló ń rò. Àmọ́ ìgò 4 nínú 250 mílílítà ti sọ àpòpọ̀ náà di mílígíráàmù 2 lé díẹ̀ nínú mílílítà kan, nínú iṣan tín-ín-rín ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà tó ti ń ta láti àárọ̀. Ẹ̀kán náà wá dín sí 4 tàbí 5 ní ìṣẹ́jú kan. Oògùn ti le sí i, ìrìn rẹ̀ sì ti falẹ̀ sí i, ó ń pẹ́ lára ògiri iṣan. Bí wọ́n bá fẹ́ dín omi kù, a jẹ́ pé wọ́n ní láti wá iṣan ńlá. Wọ́n ṣe ọ̀kan, wọn kò ṣe èkejì.

Aago 8:30 alẹ́

Ohùn àkọ́kọ́ wọlé sórí fóònù màmá mi. Ohùn Àǹtí rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àìsùn wa o. Ọkàn ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ bá mi dúpẹ́. Apá yìí nìkan ló wúwo. Mo ti sọ fún wọn, wọ́n wò ó, wọ́n ní kò pọ́n."

Kò pọ́n. Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní kí wọ́n wá ibi tó pọ́n, wọ́n sì máa ń ya àwòrán apá òyìnbó síbẹ̀, iṣan tó ti wú á hàn gbangba lára rẹ̀ bí ìlà pupa. Apá Àǹtí dúdú. Iṣan tó ń bínú lábẹ́ awọ dúdú kì í pọ́n lójú ẹni tó ń wò ó. Ó lè kàn dú sí i díẹ̀, kí awọ ibẹ̀ máa dán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kí a fi ẹ̀yìn ìka kan apá òsì, kí a fi kan ti ọ̀tún, kí a mọ èyí tó gbóná. Kí a fi ìka tẹ̀ lé iṣan láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, kí a mọ̀ bóyá ó ti le bí okùn. Kí a wọn apá méjèèjì, kí a mọ èyí tó tóbi. Kí a sì bi ẹni tó ni apá, kí a gba ohun tó bá sọ. Ìdáhùn pé "kò pọ́n" nínú iná wọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, lára obìnrin dúdú, kò sọ nǹkan kan fún wa.

Aago 10:15 alẹ́

Ohùn kejì. Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dé ìgúnpá. Mi ò lè ká a. Ẹ má dààmú, mo kàn ní kí n sọ fún yín ni."

Màmá mi pe ọmọ Àǹtí. Wọ́n ti ní kó jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù nítorí àkókò àlejò ti tán, inú ọkọ̀ ló wà nínú ọgbà. Ó wọlé padà lọ bẹ olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó fara balẹ̀ di àárọ̀. Ó gbà. N kò dá a lẹ́bi.

Aago 12:40 òru

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ pẹ́ kó tó dìde. Dírípù tí wọ́n ń fi ojú kà kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná, ó ń kán lọ nínú òkùnkùn.

Ìtàn oògùn tó wà nínú ìgò yẹn jìnnà. Ewé kan ní Íjíbítì ló ti bẹ̀rẹ̀, Ammi visnaga lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi èso rẹ̀ wo òkúta inú kídìnrín láti ayé àtijọ́. Ní Kairo, ní nǹkan bí ọdún 1946, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anrep kíyè sí i pé òṣìṣẹ́ kan tó ń lo khellin, èròjà inú ewé náà, fún àìsàn mìíràn, àyà tó máa ń dùn ún ti dákẹ́. Láti ara khellin ni iléeṣẹ́ Labaz ní Bẹ́ljíọ̀m ti ṣe amiodarone ní 1961, fún àyà dídùn. Ó di 1970 kí Bramah Singh àti Vaughan Williams ní Oxford tó fi hàn pé ó ń tún ìlù ọkàn ṣe. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró rẹ̀ ní 1985, wọ́n fọwọ́ sí ti abẹ́rẹ́ ní 1995, fún irú ìlù ọkàn tó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà káàkiri ayé sì ti ń lò ó fún irú ti Àǹtí pẹ̀lú. Ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ohun tí mò ń sọ yìí tó bá sá fún oògùn náà, kò gbọ́ mi yé. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á wọ ara ni mò ń sọ.

Aago 2:20 òru

Nọ́ọ̀sì òru ń káàkiri pẹ̀lú iná fóònù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, ó bá wọn lójúfò, wọ́n ń sunkún láìpariwo. Kò wo ìgò. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, kí ló ń dùn yín?"

"Òrùka ni, ọmọ mi. Ó ti há."

Ó tan iná sí ọwọ́ náà. Ó ti wú láti ẹ̀yìn ọwọ́ dé àárín apá, awọ rẹ̀ ń dán, òrùka ti rì sínú ẹran ìka, orí ìka náà sì ti ń ṣú. Ó yí róòlà pa lójú ẹsẹ̀, dírípù dúró. Ó wá ọṣẹ, ó gbìyànjú, òrùka kò kọjá oríkèé. Ó ní òun máa lọ wá ohun tí wọ́n fi ń gé e.

Àǹtí ní kó dúró. Wọ́n ní kó mú báàgì àwọn wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òwú wà nínú rẹ̀, òwú funfun tó le tí wọ́n fi ń dá ẹsẹ̀ aṣọ. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Ó ti orí òwú gba abẹ́ òrùka síhà àtẹ́lẹwọ́, ó di orí yẹn mú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìyókù mọ́ ìka láti ẹ̀gbẹ́ òrùka lọ sókè, ìwé kan ti ìwé kan láìfi àlàfo sílẹ̀, ó le dandan, títí ó fi kọjá oríkèé. Ìka náà tín-ín-rín lábẹ́ òwú. Àǹtí di irin bẹ́ẹ̀dì mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì wá fa orí tó wà nísàlẹ̀, ó ń tú òwú náà ní ẹyọ ẹyọ, bí ó ṣe ń tú ni òrùka ń gun òwú lọ sókè. Ó dé oríkèé, ó dúró. Àǹtí ní: "Fà á, má bẹ̀rù." Ó bọ́.

Ìlà òwú wà lára ìka náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Aago 2:50 òru

Nọ́ọ̀sì yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Kò fa kánúlà yọ ní wàràwàrà. Ó so sírínjì mọ́ ọn, ó rọra fa oògùn tó bá lè fà padà, lẹ́yìn náà ló wá yọ ọ́. Kò tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, kí oògùn má baà fọ́n ká. Ó gbé apá náà sórí ìrọ̀rí méjì. Ó fi báírò ya ìlà yí gbogbo ibi tó wú ká, ó kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára awọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń tàn. Lórí ìwé wákàtí wákàtí, ó fi rúlà fa ilà tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ ti ìtọ̀, ó kọ "apá òsì" sókè rẹ̀. Nínú fọ́tókọ́pì tó wà lọ́wọ́ wa, ilà yẹn wọ́ díẹ̀.

Dókítà dé ní aago 3:15. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ìka wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ìdí rẹ̀ ṣe kókó. Ọkàn tó ń gbọ̀n bíi ti Àǹtí lè ju ẹ̀jẹ̀ dídì sínú iṣan apá, apá bẹ́ẹ̀ á tutù, á funfun tàbí kó di bí eérú, ìlù ọrùn ọwọ́ kò ní sí mọ́, wákàtí díẹ̀ ló sì wà láti fi gbà á kí wọ́n má baà gé e. Ti Àǹtí gbóná, ìlù rẹ̀ wà. Ó tẹ èékánná, ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ kíákíá. Ó ní kí wọ́n la ọwọ́, kí wọ́n pa á dé, ó na ìka wọn sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ìwúwú náà ti ń fún ẹran apá pa nínú. Wọ́n là á, wọ́n sì pa á dé. Iṣan tí oògùn jó ni, díẹ̀ nínú oògùn náà sì ti jò sí ìta iṣan.

Ó ya ECG tuntun. Ọkàn ń lù ní 76, ó ń lọ déédéé. Kò sẹ́ni tó mọ wákàtí tó padà sípò gan-an. Dókítà ní kí wọ́n má fi dírípù náà padà mọ́, hóró ni wọ́n yóò máa lò láti àárọ̀. Wọ́n ki kánúlà mìíràn sí apá ọ̀tún, sí iṣan tó tóbi nísàlẹ̀ ìgúnpá, nítorí ọ̀ràn àìmọ̀, àmọ́ wọn kò fi amiodarone kankan gba ibẹ̀.

Aago 6:00 òwúrọ̀

Màmá mi dé láti Ọ̀yọ́. Wọ́n wo àyà àbúrò wọn, wọ́n wo apá, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ìwúwú náà kò kọjá ìlà báírò. Ìléròrò omi kékeré kan ti hù níbi tí abẹ́rẹ́ wà. Ó bẹ́ nígbà tó yá, àpá dúdú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Iṣan náà le láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ òsì ni aránṣọ fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ maṣíìnì, akọ́ṣẹ́ ló sì parí aṣọ ẹbí onígbèéyàwó.

Aago 8:30 òwúrọ̀

Apòògùn wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa hóró. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní oògùn yìí kì í tètè kúrò lára. Tí ènìyàn bá ti lò ó pẹ́, ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 58 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, tẹlòmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ tó jẹ́ áyódíìnì, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ẹṣẹ́ ọ̀nà ọ̀fun níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ikọ́ gbígbẹ tàbí èémí kúkúrú kò ṣe é fojú fò, torí ẹ̀dọ̀fóró.

Àǹtí béèrè ohun tí yóò ṣe sí ọwọ́. Apòògùn sọ òtítọ́: lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ó lè mú ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn gbọ̀n, ó lè mú àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìka kú tipiri, itan lè máa rọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá tètè sọ, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin aránṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́jọ́ tí òwú bá kọ̀ tí kò wọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sọ pé àgbà ló dé. Ẹ pè wá."

Aago 9:30 òwúrọ̀

Wákàtí 24 pé. Dókítà àgbà ń rìn yí wọ́ọ̀dù ká pẹ̀lú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ó ka ìwé, ó ní ọkàn ti balẹ̀, ó kí wọn kú oríire. Àǹtí dúpẹ́, wọ́n wá ní àwọn ní ẹ̀bẹ̀ kan. Wọ́n fẹ́ kí ó kọ ọ̀rọ̀ apá sí káàdì àwọn.

Ó ní ó ti wà nínú fáìlì. Àǹtí ní fáìlì kì í bá àwọn lọ sílé.

Ó kọ ọ́: pé amiodarone ba iṣan apá òsì jẹ́, pé bí ó bá tún di dandan láti fi sí dírípù fún aláìsàn yìí, kí wọ́n gbé e gba iṣan ńlá, kí ó má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú mílílítà kan bí iṣan apá bá ni, kí wọ́n sì máa fọwọ́ kan ojú ibẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ó fọwọ́ sí i. Àǹtí ní kó jọ̀ọ́ tún un kọ sí bébà mìíràn fún ẹ̀gbọ́n àwọn, torí ẹ̀gbọ́n àwọn ni yóò sọ̀rọ̀ bí ó bá di ọjọ́ tí ẹnu àwọn kò bá ṣe é là.